Ìbọn Jámánì Tí Bàbá Mi Fi Owó Udoji Rà

Owó Udoji ni bàbá mi fi ra ìbọn. Ẹni tó ti gbọ́njú ní 1975 kò ní gbàgbé owó náà. Ìjọba Gowon tẹ́wọ́ gba àbá ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀, wọ́n bu owó lé owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀ láti oṣù kẹrin 1974. Nígbà tí oṣù kìíní 1975 fi máa dé, owó ẹ̀yìn ti gun orí ara wọn, wọ́n sì san án lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Maroko ní Èkó, níbi tí à ń gbé, lórí ilẹ̀ iyanrìn tó jẹ́ ti ìdílé Oniru àti ti Elegushi, a kò rí irú rẹ̀ rí. Alùpùpù tuntun ń dún kiri. Tẹlifíṣọ̀n wọ ilé tí kò ní iná mànàmáná. Àwọn kan fi tiwọn fẹ́ ìyàwó. Bàbá mi, tó jẹ́ awọnlẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, fi tirẹ̀ pamọ́ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ó wá sọ fún ìyá mi lálẹ́ ọjọ́ kan pé òun fẹ́ ra ìbọn.

“Bàbá Dúpẹ́, ṣé ogun mìíràn ń bọ̀ ni?”

Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ àsọdùn. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní 1970, ìbọn tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn sì sọ òru Èkó di ohun ẹ̀rù. Lọ́dún náà gan-an ni ìjọba ṣòfin pé ikú ni fún adigunjalè. Bar Beach, níbi tí wọ́n ti ń dè wọ́n mọ́ òpó tí wọ́n sì ń yìnbọn pa wọ́n lójú gbogbo ayé, kò ju ibi tí ẹsẹ̀ ń rìn dé láti ọ̀dọ̀ wa lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1971 tí wọ́n pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì, olórí adigunjalè, láti ìdájí ni èrò ti ń wọ́ lọ sétí òkun, tọmọdé tàgbà, àwọn mìíràn gbé àga dání. Bàbá mi ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ó ní kò sí ohun tí ọmọ ènìyàn máa rí níbẹ̀ tí yóò ṣe é láǹfààní. A jókòó sínú ilé, atẹ́gùn òkun sì gbé ìró náà wá bá wa níbi tí a jókòó sí.

Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ “ìbọn” ní àdúgbò wa, adigunjalè tàbí sójà ni ọkàn ènìyàn ń lọ bá. Ti bàbá mi yàtọ̀. Ọmọ ọdẹ ni. Ìlú wa kò jìnnà sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, bàbá bàbá mi sì ní ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ, tó máa ń gbé kọ́ sí òkè ààrò kí èéfín lè máa lé ọ̀rinrin kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀tù ló máa kọ́kọ́ dà sí ẹnu ìbọn náà, á kì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, á da ahaya lé e, á tún kì í. Bí ó bá yìn ín tán, bí ẹran kò bá ṣubú, ẹran ti wọ ìlú kejì kó tó tún kì í tán. Bí òjò bá sì pa á, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Inú ọgbọ́n ìbọn yìí ni bàbá mi dàgbà sí. Túùkú ló sì mú un ronú nípa òmíràn. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó yìí ti fẹ́ sọ oko ẹ̀gẹ́ àwọn ará ilé wa di aṣálẹ̀. Ahaya ṣakabùlà kì í sábà pa wọ́n, ṣe ló máa ń ṣe wọ́n léṣe, wọ́n á sì sá lọ kú sínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò ní rí òkú wọn. Ìyẹn dun bàbá mi ju ẹ̀gẹ́ lọ.

Òyìnbó Jámánì kan, onímọ̀ ẹ̀rọ, ló ń ta ìbọn náà. Victoria Island ló ń gbé, bàbá mi sì mọ̀ ọ́n nídìí iṣẹ́ ìwọnlẹ̀. Ó ti wà ní ìhà Kainji nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìsédò tí wọ́n ṣí ní 1969, ó sì máa ń ṣọdẹ nínú igbó Borgu láyé ìgbà yẹn. Òfin 1972 tó dá òwò padà sọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà ti mú kí àwọn Òyìnbó bíi tirẹ̀ máa palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó ń ta ọkọ̀, ó ń ta fìríìjì, ó ń ta ìbọn tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Àtijọ́ gidi ni ìbọn náà: ilé iṣẹ́ Mauser ní Oberndorf ló ṣe é kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mi fi sọ́kàn ni pé ìwé ṣáájú irin. Bàbá mi kò fọwọ́ kan ìbọn náà kó tó gba ìwé àṣẹ. Òfin ìbọn ti 1959, tó wà títí di òní, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kìíní ni èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní: ìbọn arọ̀jò-ọta, bọ́ǹbù, ìbọn ìléwọ́, àti ìbọn ológun tí ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ jẹ́ 7.62 mm, 9 mm tàbí .300 ínǹṣì. Ìpín kejì ni èyí tí ènìyàn lè ní bí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè bá fún un láṣẹ: ìbọn alahaya tí kì í fúnra rẹ̀ gbé ọta, àti ìbọn ọdẹ olọ́ta kan tí ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ kò sí lára àwọn tí mo dárúkọ yẹn. Ṣakabùlà wà ní ìpín kẹta, ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ìwé tirẹ̀. Ìbọn Òyìnbó náà jẹ́ 7 mm. Bàbá mi, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ láti máa ka ìwọ̀n dé ìdí, ti yẹ òfin náà wò láti òkè délẹ̀ kó tó san kọ́bọ̀.

Òfin yẹn kan náà sọ ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ fún níwèé: ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàrin ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ọlọ́pàá wá sílé wa. Wọ́n bi àwọn aládùúgbò léèrè ìwà bàbá mi. Wọ́n wo àpótí irin tó ṣe sí yàrá, wọ́n wo àgádágodo rẹ̀, wọ́n béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń ṣe èyí, ibi tí oníṣòwò ìbọn kan tó ní ìwé àṣẹ ń kó ìbọn sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìbọn náà wà. Nígbà tí ìwé dé, orúkọ bàbá mi ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìbọn wà níbẹ̀, iye ọta tó lè rà wà níbẹ̀. Ìyá mi ka ìwé náà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó gbà kí ìbọn wọlé.

Mo lè fojú inú rí i báyìí. Igi rẹ̀ pupa, ó ń dán, ọwọ́ bàbá àti ọmọ ti gba ibì kan lára rẹ̀ kọjá títí tí ibẹ̀ fi mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Lápá ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbé sókè, tí wọ́n ń fà sẹ́yìn, tí wọ́n tún ń tì síwájú, tí wọ́n sì ń tẹ̀ wálẹ̀ bí ìdábùú ilẹ̀kùn. Bí o bá fà á sẹ́yìn, èékánná irin kan máa di ìdí kátíríìjì òfìfo mú, á fà á jáde, á jù ú nù. Bí o bá tì í síwájú, á gbé òmíràn láti inú ikùn ìbọn lọ sí àyè rẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó ti tì pa. Paul Mauser ló ṣe irú èyí tó dára jù ní 1898, gbogbo ayé ló sì wò ó kọ́. Irú ọta 7 mm rẹ̀ ti wà ṣáájú ìyẹn. Òun ni àwọn àgbẹ̀ Boer ní South Africa fi ba àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà láti 1899 sí 1902, tí agbára ìjọba Lọ́ńdọ̀nù fi rí ìṣòro.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ láti kékeré ni pé kì í ṣe ohunkóhun fúnra rẹ̀. Ọta kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó jáde, láàrin ọta kan àti èkejì sì ni ènìyàn ti ní àyè láti tún inú rò.

Ẹni tó kọ́ bàbá mi bí wọ́n ṣe ń lò ó ni àgbàlagbà kan ní Maroko tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Bọ́má. Ó wà lára àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ jagun ní Bọ́má láti 1943, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin. Lee-Enfield ni wọ́n fún un níbẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Nígbà tó kọ́kọ́ di Mauser mú, ó mi orí. “Ọta mẹ́wàá ni tèmi ń gbé, márùn-ún péré ni tìrẹ,” ló sọ fún bàbá mi. Ó tún fi hàn án pé nígbà tí a bá ń ti ìdábùú Lee-Enfield síwájú ni irin tó ń gbá ìdí ọta ń ká, ti Mauser sì máa ń ká nígbà tí a bá gbé ìdábùú sókè. Ó ní ti Gẹ̀ẹ́sì yá lọ́wọ́ ju ti Jámánì lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó ti tì í, tó ti fà á, tó ti tún tì í, ó gbé e padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì sọ pé àwọn tó ṣe é mọ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Bọ́má tó ṣe wá láǹfààní jù jẹ́ nípa iyọ̀. Àwa tí à ń gbé láàrin òkun àti ọ̀sà mọ ohun tí atẹ́gùn ń ṣe sí irin. Ọdún kan tó láti jẹ páànù tuntun. Ìṣó, mítì ilẹ̀kùn, kẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń pọ́n tó ń já. Àti pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣàlàyé fún wa, iyọ̀ kì í ṣe ti òkun nìkan. Lára ọta tí Òyìnbó náà fi sílẹ̀, àwọn kan ti pẹ́ gan-an, ohun tó sì ń mú ẹ̀tù gbiná nínú irú ọta àtijọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ sínú ọ̀pá. Iyọ̀ náà á fa ọ̀rinrin, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ láàrin ọjọ́ kan. Epo kò lè yọ ọ́. Omi ló ń yọ ọ́. Nítorí náà, omi tó ń hó yaya ni wọ́n ń dà gba inú ọ̀pá lẹ́yìn ìyìnbọn, bí wọ́n ti ń ṣe ní Bọ́má, kí wọ́n tó fi àkísà nù ún gbẹ, kí wọ́n tó wá fi epo pa á. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ni bàbá mi ń lò. Ìyá mi rí i, kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìgò méjì dípò ọ̀kan.

Èmi ni mo máa ń di àkísà náà mú. Mo máa ń gé e ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo máa ń gbà á lọ́wọ́ bàbá mi bí ó bá ti jáde ní òdì kejì, títí tí àwọ̀ rẹ̀ kò fi ní yàtọ̀ sí ti ìgbà tó wọlé. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìbọn yẹn, ìnù ni mo fi mọ̀ ọ́n. N kò yìn ín rí láyé mi. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì ti ju ọmọ ọdún 17 lọ nígbà tí mo ń bẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ kò yí padà: “Dúpẹ́ mi, orúkọ kan ló wà nínú ìwé.” Ó dùn mí nígbà náà. Nísinsìnyí tí mo ti rí ohun tí ojú mi ti rí, mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tó ga jù tí ó kọ́ mi nípa ìbọn nìyẹn.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé ibo ni ó ti ń yìn ín, nígbà tó jẹ́ pé igbó pọ̀ láyé ìgbà yẹn láti Maroko lọ sí Ajah. Òótọ́ ni, igbó pọ̀. Kò tíì sí òpópónà Lekki sí Epe; láàrin àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ṣe é. Àgbọn, koríko àkúrò, iyanrìn, abúlé apẹja kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún. Àwọn ọdẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣakabùlà wọn. Ọ̀bọ wà, ọ̀nì wà, ejò kò lóǹkà. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ibẹ̀ ti rí kó lọ sí ọgbà ẹranko igbó Lekki tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Hẹ́kítà ilẹ̀ 78 níbẹ̀ ni ó ṣẹ́kù láti sọ ìtàn náà. Ṣùgbọ́n bàbá mi kọ̀ láti yìnbọn níbẹ̀. Ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n hàn mí. Ọta Mauser lè rìn ju kìlómítà mẹ́ta lọ kó tó balẹ̀. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè kankan lórí rẹ̀, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí o bá yìn ín sí gúúsù, àwọn Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn wà nínú ọkọ̀ lójú òkun. Bí o bá yìn ín sí àríwá, apẹja wà lójú ọ̀sà. Ó ká àwòrán náà, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìlú wa ló ti ń yìn ín, nígbà tí a bá lọ sílé fún ọdún.

Àwọn tó bá mọ Ìmẹ̀sí-Ilé mọ̀ pé òkè ló yí i ká, òkè olókùúta gíga. Lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni bàbá mi ti fi ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ wọn 100 mítà. Mo di ìpẹ̀kun kan mú, ó di ìkejì mú. Ó gbé pátákó síwájú ibi tí ilẹ̀ ti ga bí ògiri, ó lẹ bébà mọ́ ọn. Ó rán ènìyàn lọ sókè, ó rán ènìyàn sí ọ̀nà oko méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má baà já síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ sórí àpò ìrẹsì tó kún fún iyanrìn. Bàbá Bọ́má ti kọ́ ọ: mí sínú, mí ìdajì jáde, dúró, má fa irin tí wọ́n fi ń yìn ín, fún un. Bàbá bàbá mi jókòó sórí òkúta lẹ́yìn, fìlà lórí, igbá obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìró rẹ̀ kò jọ ti ṣakabùlà. Ti ṣakabùlà wúwo, ó gbòòrò, èéfín sì máa ń bo ohun gbogbo. Èyí ya, ó mú, kò sí èéfín, ó sì ti dé òkè lọ́hùn-ún kí etí tó gbọ́ ọ tán. Òkè kìíní dá a padà, ìkejì gbà á, ó ń lọ láti àfonífojì dé àfonífojì. Bàbá àgbà gbọ́ ọ títí ó fi parẹ́. Ó ní, “Bí àwọn bàbá wa ti gbọ́ ọ nìyẹn.”

Ó mọ ohun tó ń sọ. Láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí ni wọ́n ti ja ogun Kírìjì, láti 1877. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyà ń jẹ àwọn Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ohun tó yí ogun náà padà ni ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí, Snider ní pàtàkì, èyí tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó dáwó rà tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sílé. Gureje àti Labirinjo wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn nídìí rẹ̀, lábẹ́ Ògèdèngbé. Ṣakabùlà Ìbàdàn kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn, tiwọn sì ń dé ọ̀dọ̀ Ìbàdàn. Àwọn jagunjagun tí kì í sá fún ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò sápamọ́ sí. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká pátápátá títí di 1893. Ní 1890, àwọn orílẹ̀-èdè Òyìnbó pàdé ní Brussels, wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n má ta irú ìbọn bẹ́ẹ̀ fún aráàlú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ṣakabùlà nìkan ni kí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Èrò mi ni pé òfin 1959 ṣì gbé àmì ìpàdé yẹn lára, pẹ̀lú bó ti ya ṣakabùlà sọ́tọ̀. Mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì: ẹ̀rù wa ló bà wọ́n tí wọ́n fi ṣe é, síbẹ̀ àwa náà ti rí ohun tí ìbọn tí kò ní àkọsílẹ̀ lè ṣe sí ìlú.

Nígbà tí bàbá mi yìnbọn tán, a lọ wo bébà. Àwọn ihò náà súnmọ́ ara wọn débi tí àtẹ́lẹwọ́ mi bò wọ́n. Bàbá àgbà kò wo bébà. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, ó lọ wá ibi tí ọta wọ̀ lára ilẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yíjú padà, tó kí ọmọ rẹ̀ bí ọdẹ ṣe ń kí ọdẹ: “Àrèpa Ògún!”

Ti túùkú náà ni kí n sọ. Ìdájí ni wọ́n máa ń jáde kúrò nínú ẹ̀gẹ́ lọ sí odò. Bàbá mi ti rìn ilẹ̀ náà lọ́sàn-án, ó ti mọ ibi tí abà wà, ó ti mọ ibi tí àwọn obìnrin ń gbà lọ pọnmi. Èmi àti àbúrò bàbá mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n jáde, mẹ́ta, ńlá, dúdú, wọ́n dúró gbọnrangandan síwájú wa. Kò yìn ín. Mo rí ìka rẹ̀, ó nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, kò kàn án. Wọ́n kọjá lọ. Àbúrò bàbá mi bínú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?” Bàbá mi nawọ́ sí ẹ̀yìn ibi tí wọ́n dúró sí. Òrùlé abà kan wà níbẹ̀, ó jìnnà, ó kéré lójú, èéfín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde lára rẹ̀. Wọ́n tún jáde ní ìdájí mìíràn, ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, ògiri òkè sì wà lẹ́yìn wọn. Ọta kan ni. Akọ náà rìn ìwọ̀nba ẹsẹ̀ díẹ̀, ó wó. Bàbá mi ti ti ìdábùú padà kó tó dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìdí fún èkejì. Wọ́n pín ẹran náà fún gbogbo àwọn tí oko wọn bàjẹ́, orí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà.

Òyìnbó náà fi ìwé kan kún ìbọn náà, ìwé nípa ìṣọdẹ ní Áfíríkà. Inú rẹ̀ ni bàbá mi ti ka ìtàn W.D.M. Bell, ọmọ Scotland tó fi irú ọta 7 mm yìí gan-an pa ọ̀pọ̀ erin ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Erin tó pa láyé rẹ̀ lé ní 1,000, eyín wọn ló ń tà. Wọ́n yìn ín nínú ìwé náà nítorí pé ó mọ ibi tí ọpọlọ erin wà. Bàbá mi kò kà á tán. Ohun tó bà á nínú jẹ́ ni pé irin kan náà, ọgbọ́n kan náà, lè jẹ́ ti ẹni tó ń ṣọ́ oko àti ti ẹni tó ń tú igbó ká. N kò mọ ohun tí ènìyàn lè fi dáhùn ìyẹn ju pé kí a máa wo ẹni tí a ń gbé e lé lọ́wọ́.

Bàbá àgbà jáde láyé ní ọdún FESTAC, 1977. Àwọn ọdẹ wá láti ìlú káàkiri, wọ́n sun ìrèmọ̀jé mọ́jú, wọ́n ṣe ìṣípà ọdẹ fún un bó ti yẹ. Ṣakabùlà dún títí ilẹ̀ fi mì. Ẹnì kan ní kí bàbá mi gbé ti Òyìnbó jáde, kó fi dá bàbá rẹ̀ lọ́lá. Ó kọ̀. Ṣakabùlà tí wọ́n ń yìn níbi òkú, ẹ̀tù nìkan ni, kò sí ahaya nínú rẹ̀. Ọta Mauser tó bá gòkè gbọ́dọ̀ wálẹ̀ síbì kan, gbogbo ìlú ló sì wà níta. Ṣakabùlà bàbá rẹ̀ ló gbà, òun ló yìn. Títí di òní, kò sí ohun tí mo fi ń yangàn nípa bàbá mi tó ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn náà, nǹkan yára yí padà. Ọta di ọ̀wọ́n. A kó kúrò ní Maroko lọ sí Mushin nígbà tí bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó Maroko. Àwọn tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ tó 300,000 gẹ́gẹ́ bí iye tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà. Bàbá Bọ́má kò sí láyé mọ́ kó tó ṣẹlẹ̀. Òde òní, ilé olówó gọbọi ni ó wà ní Oniru, ilé ìtura, ọjà ìgbàlódé, etí òkun tí wọ́n ń sanwó wọ̀. Mo máa ń kọjá níbẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ọmọ mi, n kì í lè tọ́ka sí ibi tí ilé wa wà.

Bàbá mi ló gbé ìbọn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àrùn ojú bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú ọ̀tún rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó mọ̀, ó ṣì ń ka ìwé ìròyìn. Nígbà tó tó àkókò láti tún ìwé àṣẹ ṣe, ó ní kí n bá òun lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó sọ fún ọ̀gá tó wà níbẹ̀ pé òfin ní ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa kò gbọdọ̀ ní ìbọn, ojú òun kò sì ríran dáadáa mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó, ó ní, “Bàbá, ta ló bi yín?” Bàbá mi ní kò sí ẹni tó bi òun. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, nọ́ńbà ìbọn, iye ọta tó kù, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí yẹn wà lọ́wọ́ mi. Ó ti pọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ṣeé kà.

Mo ń kọ èyí nítorí pé ìgbà tí a wà yìí le. Ìbọn tí kò lórúkọ nínú ìwé kankan ló ń pa àgbẹ̀ lóko, tó ń jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí ìbọn kéékèèké ní Àbújá ní 2006, Nàìjíríà sì dá àjọ sílẹ̀ fún un ní 2021. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n dì mú, ṣùgbọ́n wọn kò lè wọ yàrá bàbá wa lọ wo òkè àjà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí bàbá tàbí bàbá àgbà yín fi ìbọn sílẹ̀ fún, ìbáà ṣe ṣakabùlà, ìbáà ṣe ti Òyìnbó, mo bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kó wà lókè àjà nítorí pé ohun ìrántí ni. Ẹ má tà á fún ẹni tó ní òun fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ má sì gbé e kiri nínú ọkọ̀ láti lọ fi han ènìyàn. Ẹ wá ìwé rẹ̀ nínú ẹrù bàbá yín. Ẹ mú agbẹjọ́rò tàbí àgbà ìdílé kan dání, ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá pé ó wà lọ́dọ̀ yín kí ẹ tó gbé e kúrò níbi tó wà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú yín. Bí ẹ bá yẹ fún ìwé àṣẹ, ẹ béèrè fún un. Bí ẹ kò bá yẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí dání.